Eyín Wúrà Tí Mo Fi Sẹ́nu Ìyá Kéwú

Àlàájì Gàní, alága ìjókòó òní, bàbá gbogbo agboolé wa, mo kí yín ní ìkíni àlàáfíà, àsàlámù àléékùm. Ẹ̀yin àfáà tí ẹ fi àdúà ṣí ìpàdé yìí, kí Ọlọ́hun gbà á. Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ fótò, ẹ̀yin tí ẹ ti ń yàwòrán láti ìgbà tí wọ́n ń da aṣọ dúdú borí, ẹ kú ìjókòó. Ààrẹ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin ìgbìmọ̀, ẹ kú wàhálà. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ wà lọ́wọ́ òsì mi, ẹ̀yin àlejò tí ẹ ti Tanke wá, ẹ̀yin tí ẹ wọ kẹ̀kẹ́ láti Post Office wá sí àdúgbò Fate níbí nínú oòrùn yìí, ẹ ṣeun. Ládi, ìyàwó mi, tí o kìlọ̀ fún mi láàárọ̀ pé kí n má ṣe pẹ́ lórí ìdúró, mo rí ọ, mo sì rí ojú tí o ń ṣe sí mi. Ẹ̀yin èèyàn mi.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí ẹ ti ń sọ nípa mi láti òwúrọ̀. Akọ̀wé wa, Túndé Ọláyíwọlá, dìde, ó ní kò sí ojú tó wọ ṣọ́ọ̀bù Zubair Àlàó tí kò jáde ní arẹwà. Ẹ pàtẹ́wọ́. Ẹlòmíràn dìde, ó ní àwọn ìyàwó tuntun tí mo ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ ní Ìlọrin yìí, bí wọ́n bá tò wọ́n sójú títì, wọn yóò gba ojú títì náà tán. Ẹ tún pàtẹ́wọ́. Àlàájì Gàní náà pàtẹ́wọ́, mo rí wọn. Gbogbo ìgbà yẹn ni mo ń wo bàtà mi, Túndé sì ń sọ sínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pé ìwà ìrẹ̀lẹ̀ mi nìyẹn. Túndé, o ṣeun, àmọ́ kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ìtìjú ni. Ojú ń tì mí débi pé bí kì í bá ṣe pé Ládi jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, mi ò bá ti gba ibẹ̀ sá lọ.

Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé ojú mi kò ríran dáadáa mọ́, pé ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi iṣẹ́ sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Ojú ń dùn mí lóòótọ́. Ta ni yóò jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e dé Ìlọrin tí ojú kò ní dùn ún? Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló lé mi nídìí iṣẹ́. Ohun tó lé mi, ọ̀pọ̀ nínú yín ló ti fojú ara rẹ̀ rí i, lórí bánnà ńlá kan, níbi wòlímọ̀, ayẹyẹ àwọn ọmọ kéwú, tó wáyé lẹ́yìn Iléyá tó kọjá yìí. Ẹ rí i, ẹ sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí kò ṣẹ̀. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, kí n má fo nǹkan kan.

Yàrá òkùnkùn ni mo ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá mi ni Bàbá Garba, kí Ọlọ́hun fi àlùjánnà kẹ́ wọn. Àwọn àgbà tó wà níwájú níbí mọ̀ wọ́n. Bí Bàbá Garba bá fọ fótò tán, wọ́n máa ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù títí yóò fi mú bí abẹ́rẹ́, wọn yóò fi fọwọ́ kan fíìmù náà, wọn yóò sì pa ojú egbò kékeré kan rẹ́ báyìí. Kí wọ́n tó ṣe é, wọn yóò bi oníbàárà pé, "Kí lẹ fẹ́ kí n yọ, kí lẹ fẹ́ kí n fi sílẹ̀?" Mo rí obìnrin kan tó ní àpá iná lẹ́rẹ̀kẹ́, tó ní kí wọ́n fi àpá náà sílẹ̀ bó ṣe wà, torí pé ọmọ òun tó wà lókè òkun kò ní dá òun mọ̀ bí kò bá rí i. Bàbá Garba fi sílẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọṣẹ́ nígbà náà, mo rò ó nínú ọkàn mi pé ọ̀lẹ ni ọ̀gá mi.

Ìgbà tó yá, kọ̀ǹpútà dé. Ẹ̀yin tí a jọ kọ́ ọ níjọ́ náà, ẹ ó rántí bí a ṣe ń pagbo yí ẹyọ kan ká bí ẹni ń wo ọmọ tuntun. Àwọn oníbàárà ní ẹ̀fẹ́ẹ̀tì ni àwọn ń fẹ́, èmi ń pè é ní ọ̀ṣọ́. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń da ìràwọ̀ sórí gèlè. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbé ojú ọmọ ọwọ́ sáàárín òdòdó. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹnì kan ṣoṣo sínú fótò lẹ́ẹ̀mejì, tí yóò kọjú sí ara rẹ̀ bí ẹni tó ń bi ara rẹ̀ léèrè ọ̀nà. Ẹni tó jókòó sórí àga onípákó ní ṣọ́ọ̀bù mi, mo lè mú un jókòó sórí òṣùpá kó tó délé. Ta ni kò ní gbéra ga? Mo gbéra ga. Mo gbéra ga gan-an ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo mọ ohun tí ẹ rántí. Ọ̀rọ̀ ife ni. Ó dáa, ẹ jẹ́ n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ọmọ àfáà kan ṣègbéyàwó, mo bá gbé ọkọ àti ìyàwó sínú ife ẹlẹ́sẹ̀ gíga, wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, mo tún fi ìfóòfó kún un kó lè dán. Bàbá ìyàwó wá gba fótò. Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní, Zubair, irú ife wo nìyí? Mo ní ife ọjọ́ ayọ̀ ni. Wọ́n ní ife ọtí ni, pé ọmọ àwọn tó ké Kùránì parí ni mo gbé sínú ife ọtí. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi ife tíì rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó kò tún bá mi sọ̀rọ̀ títí di òní, mi ò sì dá a lẹ́bi.

Lẹ́yìn ìyẹn, ó yẹ kí n ti kọ́gbọ́n. Mi ò kọ́ ọ. Mi ò tilẹ̀ mọ ìgbà tí mo ṣíwọ́ bíbi èèyàn léèrè ohun tí wọ́n fẹ́. Mo kàn mọ̀ pé ó dé ìgbà kan tí mo bá ti wo aṣọ tí ẹnì kan wọ̀, tí mo wo ọjọ́ orí rẹ̀, ọwọ́ mi á ti máa lọ. Ọ̀dọ́bìnrin, òdòdó. Ọ̀dọ́kùnrin, mọ́tò tí kì í ṣe tirẹ̀. Ìyá àgbà tó wọ lẹ́sì funfun, tó wé ìbòrí sórí, ó di Àlàájà nìyẹn. Màá gbé Ká'bà sẹ́yìn rẹ̀, màá sì fi eyín wúrà sẹ́nu rẹ̀.

Fún àwọn àlejò wa tí kò mọ̀, ní ọ̀dọ̀ wa níbí, ọ̀pọ̀ ẹni tó bá ti Mẹ́kà dé ló máa ń fi eyín wúrà kan sẹ́nu. Bó bá rẹ́rìn-ín, àwọn èèyàn á mọ̀ pé ó ti lọ, ó ti bọ̀. Iná kámẹ́rà kì í sì í jẹ́ kí eyín náà hàn dáadáa, ó máa ń dúdú bí eyín tó ti jẹrà. Mímú kí eyín yẹn padà tàn bíi wúrà ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ṣé ìyẹn burú? Kò burú. Nígbà tó yá, mo ń fi sẹ́nu àwọn tó ti lọ àmọ́ tí wọn kò fi wúrà sẹ́yín. Nígbà tó tún yá, mo ń fi sẹ́nu gbogbo ìyá àgbà tó bá rẹ́rìn-ín níwájú mi. Kò sẹ́ni tó ráhùn. Àwọn tó ti lọ dúpẹ́. Àwọn tí kò tíì lọ ní àmín, wọ́n ní àdúà ni mo fi ṣe fún àwọn. Èmi náà wá gbà pé àdúà ni mò ń ṣe.

Ìgbà kan wà láàárín tí wọ́n kìlọ̀ fún mi. Àlàájì rántí. Mo ṣe kàlẹ́ńdà fún àfáà ńlá kan ní agboolé wa, mo wá rí i pé ògiri ẹ̀yìn wọn ṣókùnkùn, mo bá fi ìmọ́lẹ̀ róbótó yí orí wọn ká. Ó dára lójú mi. Wọ́n ti pín kàlẹ́ńdà náà dé ilé gbogbo kí ẹnì kan tó sọ pé ó jọ àwòrán tí àwọn Kìrìtẹ́ẹ́nì máa ń gbé kọ́ sára ògiri. Kí ló ṣẹlẹ̀? Àfáà ní láti rán ènìyàn láti ojúlé dé ojúlé lọ gba kàlẹ́ńdà padà. Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín, àmọ́ wọ́n pè mí, wọ́n ní bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, àwọn yóò wá ẹlòmíràn tí yóò máa ya fótò wòlímọ̀ agboolé wa. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú ìkìlọ̀ yẹn sọ́kàn, torí pé ìbẹ̀rù rẹ̀ ló sọ mí di ojo.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ Ìyá Kéwú.

Sàfúrátù ni orúkọ wọn, àmọ́ mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè wọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀yìn agboolé Àlàájì Gàní ni ilé wọn wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé náà ni wọ́n sì ti ń kọ́ ọmọ ní kéwú. Àwọn ọmọ tèmi ibẹ̀ ni wọ́n ti mọ álífù. Láàárọ̀ Sátidé, bí ẹ bá ń kọjá lójú títì, ẹ ó máa gbọ́ ohùn àwọn ọmọ, ẹ ó sì máa gbọ́ ohùn Ìyá Kéwú tó ń tún un ṣe fún wọn láìjágbe mọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá pè wọ́n ní Àlàájà, wọn yóò dá yín dúró lójú ẹsẹ̀. Wọn yóò ní, "Mi ò tíì lọ o, ẹ má sọ mí ní orúkọ tí mi ò jẹ́." Ọdún tí àwọn àti ọkọ wọn fẹ́ lọ, tí gbogbo ètò ti parí, ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ọkọ wọn. Wọ́n jókòó ti ọkọ wọn títí Ọlọ́hun fi pè é, wọn kò sì tún sọ̀rọ̀ ìrìnàjò mọ́. Gbogbo àdúgbò ló mọ èyí. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi ni wọ́n ti sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé kí n yé pe àwọn ní Àlàájà, mo sì rẹ́rìn-ín, mo ní màá yé.

Nígbà tí wòlímọ̀ ku díẹ̀, àwọn òbí ní àwọn fẹ́ gbé fótò Ìyá Kéwú sójú bánnà, kí ó bá wọn lójijì, kí inú wọn dùn. Wọ́n ní kí n lọ yà wọ́n. Ìyá Kéwú kò fẹ́ràn fótò. Wọ́n jókòó gbọnrangandan, wọ́n pa ẹnu dé. Ọmọbìnrin kan, Ummu Kulthum, wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà tó ń ké Yásíìn inú Kùránì, àárín ìlà kan ló dé tó fi yán gbọ̀ọ̀rọ̀ bí àgbàlagbà, tó tún ń bá kíké lọ bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀. Ìyá Kéwú bú sẹ́rìn-ín. Mo tẹ kámẹ́rà. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ mọ irú fótò bẹ́ẹ̀. Kì í wá lójoojúmọ́. Gbogbo inú rere tó wà lára obìnrin náà ló jáde sójú. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án rárá.

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo jókòó, ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́sì funfun, ìbòrí, ìyá àgbà, ẹ̀rín. Mo gbé Ká'bà sẹ́yìn. Mo fi eyín wúrà síwájú. Rasheedah wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ wò ó níbẹ̀ yẹn, òun ló ní ṣọ́ọ̀bù tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tò sí ní Tanke, ọ̀dọ̀ mi ló ti kọ́ṣẹ́, ó sì ti mọ iṣẹ́ ju èmi lọ, mo ń sọ ọ́ níwájú gbogbo èèyàn. Rasheedah yọjú wo ohun tí mò ń ṣe. Ó rọra ní, "Ọ̀gá, ṣé Ìyá Kéwú ti lọ sí Mẹ́kà ni?" Mo ní, "Bí wọn kò bá tíì lọ, wọn yóò lọ." Mo tún ní kó máa lọ bojú tó fótò àwọn ọmọ yunifásítì rẹ̀. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ pé èèyàn kì í bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn, èmi ni mo sì kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Rasheedah, ẹ̀kọ́ burúkú ni mo kọ́ ọ. Foríjì mí.

Ọjọ́ wòlímọ̀, wọ́n ta bánnà náà sẹ́nu àbáwọlé. Àwọn ọmọ tò jáde nínú aṣọ funfun wọn, wọ́n ń ké, Ìyá Kéwú ṣíwájú wọn. Èmi wà níwájú pẹ̀lú kámẹ́rà, torí náà mo rí ojú Ìyá Kéwú nígbà tí wọ́n gbójú sókè. Wọ́n dúró. Wọ́n gbé ọwọ́ sẹ́nu, wọ́n fi ìka kan eyín ara wọn, bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá nǹkan kan ti wọ ibẹ̀ láìmọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀, wọ́n ń bá ìrìn lọ, torí pé àwọn ọmọ ń ké lẹ́yìn wọn, wọn kò sì fẹ́ kí ohùn wọn já. Àlejò àfáà kan tó ti ọ̀nà jíjìn wá gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ṣàdúà gígùn fún Àlàájà wa, tó ti mu omi mímọ́ Sámúsámù ní orísun rẹ̀ ní Mẹ́kà. Àwọn èèyàn wo ara wọn. Mo gbọ́ ọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi tí ẹnì kan ń sọ pé, ẹni tó ń ní ká má pe òun ní Àlàájà, àṣé ọjọ́ tí èrò yóò pọ̀ ló ń dúró dè. Mo gbọ́ ọ, mo sì yí kámẹ́rà mi sí ibòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ẹ fi pe Ìyá Kéwú sí pálọ̀ yín, Àlàájì. Èmi náà wà níbẹ̀, mo gbé álíbọ́ọ̀mù wá. Àwọn àgbà jókòó. Ẹ kò pariwo, ẹ kì í pariwo. Ẹ kàn bi wọ́n pé, "Ìyá Kéwú, ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀?" Ìyá Kéwú wò mí. Wọ́n wò mí pẹ́, wọn kò fi ojú bá mi wí, wọ́n kàn ń dúró dè mí ni. Mo rántí kàlẹ́ńdà. Mo rántí ìkìlọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo ń tú ọ̀rá tó wà lára álíbọ́ọ̀mù, bí ẹni pé ọ̀rá náà ni iṣẹ́ tó ṣe pàtàkì jù láyé. Ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbọ́ ohùn wọn. Wọ́n ní, "Ẹ foríjì mí." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kò purọ́, wọn kò ní àwọn ni, wọn kò sì ní kì í ṣe àwọn. Gbogbo yàrá gbà pé wọ́n ti jẹ́wọ́. Àlàájì, ẹ wá yíjú sí mi, ẹ ní oníṣẹ́ kò ní ẹjọ́ níbí, ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe ni yóò ṣe. Ẹ ní kí wọ́n fún mi ní omi tútù. Mo gbà á. Mo mu ún tán.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ rí irú ẹni tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún láti àárọ̀?

Àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọmọ wọn. Wọ́n ní olùkọ́ tó ń gba orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀, kí ni yóò kọ́ ọmọ àwọn? Ọ̀kan lọ, òmíràn tẹ̀ lé e. Ummu Kulthum náà lọ. Àlàájì, ọmọ ọmọ yín ni, ẹ̀yin lẹ ní kó lọ síbòmíràn, mo sì mọ̀ pé kò dùn mọ́ yín. Láàárọ̀ Sátidé nísinsìnyí, bí mo bá ń kọjá, ohùn tí mò ń gbọ́ kò tó kí n dúró fún. Ìyá Kéwú ṣì ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà. Wọ́n ṣì ń nu gbogbo wàláà, pákó tí àwọn ọmọ fi ń kọ́ kéwú, títí kan ti àwọn tí kò wá mọ́.

Èmi náà padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo gbìyànjú. Ẹ wo bí ìtìjú ṣe ń ṣe èèyàn. Bí mo bá ṣí fótò ẹnikẹ́ni, ẹnu rẹ̀ ni ojú mi máa ń lọ. Màá jókòó, màá máa wo ẹnu àjèjì, ọwọ́ mi kò ní lè ṣe ohunkóhun. Oníbàárà á ní ṣé n kò ní fi nǹkan kan sí i ni, màá ní ó ti dára bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní Bọ̀ọ̀dá Zubair ti darúgbó. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ojú mi ni. Irọ́ mìíràn tún nìyẹn, ẹ sì ṣe àpéjọ ńlá lé irọ́ náà lórí, ẹ se oúnjẹ, ẹ sì kọ orúkọ mi sínú férémù tó dára. Ẹ má bínú, mi ò lè gbé férémù náà lọ sílé. Mo fi sílẹ̀ lórí tábìlì yìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo tó ní ìgboyà láti lọ bá Ìyá Kéwú. Mo sọ fún wọn pé màá sọ òtítọ́ níbí lónìí, mo sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá jókòó síwájú, kí gbogbo èèyàn rí wọn. Mo rò pé inú wọn yóò dùn. Wọ́n ní àwọn kò ní wá. Wọ́n ní, "Bí mo bá wà níbẹ̀, wọn yóò máa wo ojú mi, wọn yóò sì máa wo tìrẹ. Ojú rẹ kò ní gbà á, Zubair." Ẹ gbọ́ o. Lẹ́yìn gbogbo ohun tí mo fi ojú wọn rí, ojú tèmi ni wọ́n ṣì ń bò.

Mo ní, kí wá ni ẹ fẹ́ kí n bá yín sọ fún wọn? Mo rò pé wọn yóò ní kí n sọ fún yín pé àwọn kì í ṣe òpùrọ́. Wọn kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Wọ́n ní, "Ummu Kulthum kù díẹ̀ kó parí Yásíìn. Ta ló ń gbọ́ ọ fún un báyìí?" Wọ́n tún dárúkọ ọmọ mìíràn, wọ́n ní ó máa ń fo ìlà kan bí kò bá sí ẹni tó jókòó tì í. Orí àwọn ọmọ náà ni ọ̀rọ̀ wà títí mo fi dìde. Èmi tí mo ti ń ka ìtìjú mi bí ohun tó tóbi jù lọ láyé, wọn kò tilẹ̀ rí i rò.

Nítorí náà, Àlàájì Gàní, níwájú ẹgbẹ́ mi, níwájú ìyàwó mi, níwájú àwọn àfáà, mo ń dáhùn ìbéèrè tí ẹ bi Ìyá Kéwú ní pálọ̀ yín. Wọn kò ní kí n ṣe é. Wọn kò mọ̀ sí i. Èmi ni mo fi eyín wúrà sẹ́nu wọn, èmi ni mo gbé Ká'bà sẹ́yìn wọn, èmi ni mo sì dákẹ́ nígbà tó yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin òbí tó wà níbí, ẹ jọ̀ọ́, Sátidé tó ń bọ̀, ẹ kó àwọn ọmọ padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Ẹ má rò pé mo fẹ́ kí ẹ tìtorí mi ṣe é, ẹ tìtorí Yásíìn tó dá dúró sáàárín ṣe é. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ọwọ́ yín yára ju tèmi lọ, mi ò ní òfin láti fi lélẹ̀ fún yín, ẹni tó dákẹ́ kò lè máa ṣòfin. Ẹ kàn máa bi èèyàn léèrè. Ohun tí mo ní kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àlàájì ti dìde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákẹ́ díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ wọn. Àlàájì, ṣé inú ló bí yín tí ẹ fi ń lọ? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ó tọ́ sí mi. Ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sún mọ́ wọn.

Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn lè má gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Èmi ni mo bi wọ́n léèrè níwájú èèyàn, tí mi ò sì bi ẹni tó ṣe fótò. Ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ báyìí. Zubair, ó yá, jẹ́ ká lọ."

Ojú tún tì mí, ẹ̀yin èèyàn mi, ju ti àárọ̀ lọ. Mo ti rò pé mo ti ṣe tán. Mo ti rò pé mo ti sọ ọ́ ní gbangba, pé ó kù kí n jókòó, kí n jẹun, kí ẹ wá máa bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pé mo káre, mo jẹ́ olóòótọ́. Bàbá tó ń fi ọ̀pá rìn ti kúrò lórí àga alága, ó ń lọ tọrọ àforíjì lórí ohun tí mo ṣe, èmi ṣì dúró sídìí gbohùngbohùn tí mò ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ n yára ṣàdúà. Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a fi iṣẹ́ ọwọ́ wa ba orúkọ ẹni rere jẹ́. Kí ó fún àwọn ọmọ wa ní olùkọ́ tí yóò jókòó tì wọ́n parí. Kí ó jẹ́ kí Ìyá Kéwú rí Mẹ́kà fún ara wọn, lójú ayé wọn, pẹ̀lú ẹsẹ̀ wọn. Kí alùbáríkà wà lórí ẹgbẹ́ yìí, kí olúkúlùkù yín dé ilé ní àlàáfíà, kí oúnjẹ tí ẹ sè má ṣòfò nítorí pé ẹni tí ẹ sè é fún kò dúró jẹ ẹ́.

Àlàájì ti dé ìdí ọkọ̀, wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn. Ẹ ṣé o, mo ń lọ bá wọn.